Òkè Tí Màmá Fẹ́ Rí Kó Tó Lọ Sílé

Ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń kanlẹ̀kùn, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé wa níbí ní Amẹ́ríkà ló ń ronú ibi tí wọ́n máa kó àwọn ọmọ lọ. Ìrìn àjò tiwa ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé a ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kù díẹ̀ kó di ẹkún.

Ọmọ Ìdànrè ni Màmá mi. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè mọ̀ pé òkè ló yí ìlú náà ká. Orí òkè gan-an ni àwọn baba wọn gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ààfin àtijọ́ sì wà lókè níbẹ̀ dòní. Láti ìgbà tí Màmá ti wá bá wa gbé ní Atlanta, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Àbẹ̀kẹ́, ilẹ̀ yín yìí mà tẹ́jú o. Ṣé kò sí òkè níbí ni?" Òkè wà. Bí èèyàn bá wakọ̀ bíi wákàtí mẹ́rin, á dé ibi àwọn òkè Great Smoky, níbi tí North Carolina àti Tennessee ti pààlà. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Gatlinburg ló wà ní ẹsẹ̀ òkè náà lápá Tennessee.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, a kó sínú mọ́tò, ó di Gatlinburg. Ẹ má bi mí bóyá a múra. Oúnjẹ la múra sílẹ̀, a ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Ìgbà tí a dé Cherokee, ìlú tó wà ní ẹsẹ̀ òkè lápá North Carolina, la rí i pé wọ́n ti ti ọ̀nà. Ọ̀nà US 441 ló gba àárín òkè kọjá, bíi máìlì 31, ibi tó ga jù nínú rẹ̀, Newfound Gap, sì jẹ́ 5,046 ẹsẹ̀ bàtà. Bí yìnyín bá ti bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n á ti í pa ni. Kò sí ẹni tí èèyàn máa bẹ̀. I-40, ọ̀nà kejì tí à bá gbà yí po, òun náà ti bàjẹ́: ìjì Helene ti wó apá kan rẹ̀ lulẹ̀ sínú odò Pigeon ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2024, wọn kò tíì ṣí i.

Ọkọ mi ti sanwó ilé tí a máa sùn. Owó yẹn ló ń dùn ún. Fóònù fi ọ̀nà tín-ín-rín kan hàn án, ó ní ká gba ibẹ̀. Mo ní, "Bàbá Ifádáyọ̀, ẹ jẹ́ ká padà o." Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi kan yìnyín tí ojú kì í rí, èyí tó máa ń dà bí omi lásán lórí ọ̀dà. Mọ́tò ò gbọ́rọ̀ mọ́. Ó yọ̀, ó yí, ó sì fi ìdí lọ gbá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Irin yẹn ló gbà wá, nítorí ọ̀gbun ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ń ké. Màmá ò ké, Ògún ló ń pè. Títí di òní, ọkọ mi ò jẹ́ kí wọ́n kun ojú ibi tó ha lára mọ́tò náà.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Cherokee la sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá rí àkọlé òpópónà, ó dúró. "Irú ìwé wo rèé?" Mo ní ìwé àwọn onílẹ̀ ni, Sequoyah, ọmọ Cherokee fúnra rẹ̀, ló ṣe é parí ní 1821. Mo tún sọ fún un pé ní 1838, àwọn ológun lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn èèyàn yìí kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú. Ìran àwọn tí kò lọ ló wà ní ìlú yìí. Màmá ò fèsì títí a fi wọ mọ́tò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Òkè yẹn ní onílé nígbà náà. Ẹ̀yin fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá láìkí wọn."

Nígbà tí a délé ni mo lọ wádìí. Òkè tó ga jù nínú wọn jẹ́ 6,643 ẹsẹ̀ bàtà. Láti 1859 ni wọ́n ti ń pè é ní Clingmans Dome, orúkọ ọ̀gbẹ́ni Clingman, sẹ́nétọ̀ kan tó padà di ọ̀gágun fún àwọn tó jà kí oko ẹrú má parẹ́. Ṣùgbọ́n Kuwohi ni àwọn Cherokee ń pè é. Igi mulberry ló wà nínú orúkọ yẹn, ibi mímọ́ ló sì jẹ́ fún wọn. Àwọn Cherokee ló bẹ ìjọba, ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2024, ìjọba sì dá orúkọ Kuwohi padà. Mo sọ èyí fún Màmá, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ló gba ogún rẹ̀ padà. Ó ní òun máa dé ibẹ̀.

Wàyí o, Màmá ti ní òun ń lọ sílé ní oṣù Ẹrẹ́nà, òun ò sì padà wá mọ́. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ wo òkun ní Savannah." Màmá ní, "Ọkọ mi, òkun kì í ṣe òkè." Ọ̀rọ̀ parí.

Bàbá wọn dá Ifá. Ifá fọre, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún wa nípa ìkánjú. A ti rú ẹbọ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi síbẹ̀: mo ti rí ilé tí wọ́n rúbọ tán tí ẹnikẹ́ni ò yẹ táyà wò. Ìkìlọ̀ nípa ìkánjú, bí mo ṣe gbọ́ ọ, iṣẹ́ ló gbé lé wa lọ́wọ́.

Ọjọ́ la kọ́kọ́ tò. Ọ̀sẹ̀ Ifá kì í yẹ̀ nílé wa, mi ò sì fẹ́ gbé Ifá kiri inú hòtẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, a ó ṣe ọ̀sẹ̀ tán ní ọjọ́ Awo, a ó gbéra ní ọjọ́ Ògún tó tẹ̀ lé e, a ó wà lórí òkè ní ọjọ́ Jàkúta, a ó sì padà ní ọjọ́ Ọbàtálá, kí ọjọ́ Awo mìíràn tó bá wa nílé. Oorun méjì péré ni. Ó tún bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀ òyìnbó, nígbà tí ilé gbígbà kì í wọ́n tó ti òpin ọ̀sẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ògún, iṣu sísun, epo, obì, omi tútù àti ẹmu ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ẹni tó máa wakọ̀ ò ní fẹnu kan ẹmu yẹn o, mo ti sọ ọ́.

Ní ti ọ̀nà, méjì la mú. Bí 441 bá ṣí, a ó gba Cherokee. Bí wọ́n bá tì í, a ò dúró jiyàn: a ó ti Atlanta gba I-75 lọ sí Chattanooga àti Knoxville, ká gba ìsàlẹ̀ wọ Gatlinburg. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò gba orí òkè. Wọ́n ti ṣí I-40 láti oṣù Ẹrẹ́nà 2025, àmọ́ ẹyọ ọ̀nà kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí fún àlọ, ẹyọ kan fún àbọ̀, nítorí náà a ò gbọ́kàn lé e. Fóònù ò ní yan ọ̀nà kẹta fún wa. Ilé tí a gbà lọ́tẹ̀ yìí, àárín ìlú ló wà. Àwọn ilé onígi orí òkè rẹwà nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bí ọ̀nà ẹnu ilé wọn ṣe dà gẹ̀ẹ́rẹ́ tó kí ẹ tó sanwó. A sì gba èyí tí wọ́n á dá owó rẹ̀ padà bí a kò bá lè dé. Owó tí kò ṣeé gbà padà ló fẹ́ tì wá sínú ọ̀gbun lọ́jọ́sí.

Mọ́tò ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ó pààrọ̀ táyà méjì, ó wo bátìrì àti bíréèkì. Ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ táyà máa ń dín bíi psi 1 fún dígírì 10 Fahrenheit tí òtútù bá fi pọ̀ sí i, orí òkè náà sì lè fi dígírì 10 sí 20 tutù ju ìsàlẹ̀ lọ. Búláńkẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀ṣì, ṣọ́bìrì, àpò yanrìn kan láti dà sábẹ́ táyà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá fún ọjọ́ méje dípò mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú bùútù. Kò sí ilé epo kankan nínú igbó ìjọba náà, a ó rọ epo kún kí a tó wọ̀ ọ́. Wọn kì í gbowó ìwọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ á san 5 dọ́là fún ọjọ́ kan.

Ibi tí ìjà wà ni ti ìpèsè. Màmá fẹ́ gbé àkàrà àti ẹ̀kọ fún òkè. Òfin ò gbà á. Béárì wà níbẹ̀, èyí tó bá sì ti mọ adùn oúnjẹ èèyàn kì í yéé wá èèyàn kiri, àwọn òṣìṣẹ́ igbó sì lè pa á nígbẹ̀yìn. A ò gbọdọ̀ mú òkúta tàbí ewé kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ òkúta kékeré kan ló wu Màmá láti gbé lọ sí Ìdànrè. Mo rò pé á bínú. Ó rò ó títí, ó ní, "Bí àlejò bá wá gbé òkúta Ìdànrè lọ, ṣé màá gbà? Ẹnu ni màá fi júbà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìpèsè nílé." Ifádáyọ̀ ní òun á jẹ àkàrà náà ní tòun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò rọrùn fún mi láti sọ fún un. Ọ̀nà tó lọ sí Kuwohi fúnra rẹ̀ máa ń wà ní títì láti ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ títí di òpin oṣù Ẹrẹ́nà, ẹsẹ̀ Màmá ò sì lè rin máìlì méje nínú yìnyín. Newfound Gap la máa dé mọ, bí ọ̀nà bá ṣí. Mo sọ ọ́ fún un ní alẹ́ àná. Ó ní, "Ṣé màá rí òkè?" Mo ní ẹ ó rí i lọ rẹpẹtẹ, bí kùrukùru ò bá bò ó. Ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ yẹn dáadáa.

Ní alẹ́ ọjọ́ Awo la ó wo ìròyìn ọ̀nà, a ó tún wò ó ní ìdájí. Màmá ti gbé báàgì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀wọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, ó ní ọ̀kan tòun, ọ̀kan ti ọkọ òun, nítorí pé ó máa ń gbàgbé tirẹ̀.