H₀ àti H₁: àbá méjì tí à ń kọ kí a tó ka èsì

Lọ́dún 1954, wọ́n dán abẹ́rẹ́ àjẹsára Jonas Salk wò ní Amẹ́ríkà: ṣé ó ń dènà àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lóòótọ́? Nínú ìṣirò, a kì í fi "ó ń ṣiṣẹ́" bẹ̀rẹ̀ o.

H₀: abẹ́rẹ́ yìí ò yí nǹkan kan padà, ìdá àwọn tó máa yarọ dọ́gba lápá méjèèjì.

H₁: kò dọ́gba.

Nínú ọmọ 200,745 tó gba abẹ́rẹ́ gidi, 33 ló yarọ. Nínú 201,229 tó gba èyí tí kò ní oògùn, 115 ni. Tí H₀ bá jẹ́ òótọ́, ó ṣòro gan-an kí irú ìyàtọ̀ yìí kàn ṣèèṣì wáyé. H₀ wó lulẹ̀ nìyẹn.

Ká ní ìyàtọ̀ náà kéré ńkọ́? Ohun tí a máa sọ ni pé ẹ̀rí ò tó, kì í ṣe pé H₀ jẹ́ òótọ́.