Iṣẹ́ Èrò Inú Ìpolówó Ọjà

 

Nígbà tí ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ máa ń rí ìpolówó ọṣẹ, ọtí àti tẹlifóònù. Obìnrin kan ń fọ aṣọ, ó sì ń yin ọṣẹ. Ẹ má wo òun nìkan. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Aláta wà níbẹ̀. Ẹni tó gun zémidjan ń kọjá. Ẹ lè rò pé wọ́n ṣèèṣì kọjá ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n pè wọ́n wá ni, wọ́n sì sanwó fún wọn. Figurant ni àwọn elédè Faransé ń pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní èrò inú àwòrán. Ọjà tí kò ní èrò kò jọ ọjà; ìdí nìyí tí a fi ń wá wọn.

Sinimá náà ń wá irú wọn. Werner Herzog, ará Jámánì, wá ya fíìmù Cobra Verde ní Gáná. Fíìmù náà jáde ní 1987. Ó nílò ọmọ ogun obìnrin ilẹ̀ Dahomey, ó sì kó ọgọ́ọ̀rọ̀ obìnrin jọ láti ṣe é.

Báwo ni iṣẹ́ náà ti rí? Èrò inú àwòrán kì í sábà sọ̀rọ̀. Yóò dé ní kùtùkùtù, yóò dúró pẹ́. Wọ́n lè ní kí ó rìn kọjá ní ìgbà mẹ́wàá. Kò gbọdọ̀ wo ojú ẹ̀rọ tí ń yàwòrán.

Ìlú ńlá bíi Lomé àti Cotonou ni iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù. Àwọn tí ń wá èrò máa ń béèrè fọ́tò ojú àti fọ́tò gbogbo ara, orúkọ, ọjọ́ orí àti nọ́ńbà tẹlifóònù.

Kí ẹ tó gbà, ẹ béèrè ohun mẹ́ta:
1. Èló ni owó ọjọ́ kan, ìgbà wo ni wọn yóò sì san án?
2. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ?
3. Ibo ni wọn yóò ti fi àwòrán mi hàn, fún oṣù mélòó?

Ìbéèrè kẹta ṣe pàtàkì. Ọjọ́ kan ni ẹ ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ojú yín ta ọjà fún ọdún púpọ̀. Nítorí náà, ẹ má tẹ̀ka, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò tíì kà. Bí ó bá jẹ́ Faransé, ẹ wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ mú owó ìforúkọsílẹ̀ wá. Agbanisíṣẹ́ ló ń sanwó, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹ má sì fi ọmọ yín lé àjèjì lọ́wọ́ nítorí ìlérí tẹlifíṣọ̀n. Òfin Togo ti 2005 ka kíkó ọmọdé ṣòwò sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ọmọ fún àwòrán, kí òbí tẹ̀ lé e lọ, kí òbí sì mú un padà wálé.

Ẹ má torí iṣẹ́ yìí fi oko sílẹ̀. Ó lè dé lónìí, kí ó má dé mọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé, ẹ lọ pẹ̀lú ojú tí ó mọ̀wé.