Kíkọ́ Wireshark láti inú kóòdù orísun

Wireshark jẹ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń lò fún ìtúpalẹ̀ nẹ́tíwọ̀kì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ẹ̀dà àwọn ìdì dátà tí ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde lórí kọ̀ǹpútà, kí ó tú wọn palẹ̀, kí ó sì fi ohun tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan han òǹlò. Àwọn olùṣàkóso nẹ́tíwọ̀kì ń fi í wá ìdí tí ìsopọ̀ fi ń falẹ̀, àwọn onímọ̀ ààbò ń fi í tọpasẹ̀ ìkọlù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi í kọ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà á ní ṣíṣetán láti ibi ìpamọ́ ẹ̀yà Linux tí wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ó ṣeé kọ́ láti inú kóòdù orísun pẹ̀lú. Èdè Yorùbá ya ìpele méjèèjì sọ́tọ̀ pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo: ènìyàn ni ó ń kọ kóòdù orísun bí ẹni kọ ìwé, kọ̀ńpáílà ni ó sì ń kọ́ ètò láti inú rẹ̀ bí ẹni kọ́ ilé. Kíkọ́ náà kì í sábà ṣòro. Àṣẹ tí wọ́n ń fún ètò náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì.

Ìtàn

Gerald Combs ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní ìparí àwọn ọdún 1990 ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn irinṣẹ́ ìtúpalẹ̀ tí wọ́n wà lọ́jà nígbà náà ń lọ sí bíi dọ́là 1,500, wọn kò sì ṣiṣẹ́ lórí Solaris àti Linux tí ilé-iṣẹ́ náà ń lò. Combs kọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ethereal, ó sì gbé e jáde fún aráyé ní oṣù Keje ọdún 1998.

Ní ọdún 2006, ó kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí CACE Technologies. Agbanisíṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni ó ni orúkọ Ethereal gẹ́gẹ́ bí àmì òwò, nítorí náà kò lè mú orúkọ náà dání. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ láti mú kóòdù lọ: òun fúnra rẹ̀ ni ó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwé àṣẹ GNU GPL sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti tún ìyókù pín. Báyìí ni ètò kan náà ṣe ń bá iṣẹ́ lọ lábẹ́ orúkọ Wireshark. Ìwé àṣẹ yìí kan náà ni ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ fúnra rẹ̀ lónìí láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan.

Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ ọ láti orísun

Ẹ̀dà tí ó wà ní ibi ìpamọ́ Debian tàbí Ubuntu sábà máa ń pẹ́ lẹ́yìn èyí tí àwọn olùkọ Wireshark ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ tuntun tí ẹ̀dà àtijọ́ kò mọ̀, tàbí tí ó fẹ́ fi kóòdù tirẹ̀ kún un, yóò nílò orísun. Bákan náà ni ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà tí kò ní ojú àwòrán: ó lè kọ́ TShark nìkan, èyí tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú terminal, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ Qt pátápátá.

Ẹni tí kò bá ní irú ìdí bẹ́ẹ̀ kò pàdánù ohun púpọ̀ tí ó bá dúró sórí èyí tí ẹ̀yà Linux rẹ̀ pèsè. Àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ ń fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ pẹ̀lú ìmúdọ́gba tí kọ̀ǹpútà ń gbà nígbà gbogbo. Èyí tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kì í rí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ gbà. Yóò wà bí ó ṣe wà títí ẹni tí ó kọ́ ọ yóò fi padà wá tún un kọ́.

Àwọn ohun tí ó nílò

Èdè C ni wọ́n fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú Wireshark. Láti kọ́ ọ, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní kọ̀ńpáílà C àti ti C++, CMake tí ń ṣètò iṣẹ́, Ninja tàbí make tí ń darí rẹ̀, Python 3 àti flex. Lẹ́yìn èyí ni àwọn láíbúrárì bíi GLib, libgcrypt àti Qt.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún gbígba ìdì ni libpcap. Wireshark kì í fúnra rẹ̀ bá káàdì nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀ lórí Linux. Libpcap, tí àwọn tí wọ́n ṣe tcpdump ní Lawrence Berkeley Laboratory ní Kalifóníà ṣẹ̀dá, ni ó ń gba ìdì fún un. Wireshark tí wọ́n kọ́ láìsí libpcap lè ṣí fáìlì tí ẹlòmíràn ti gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba ìdì kankan fúnra rẹ̀. Àṣẹ <code>tshark --version</code> máa ń fi hàn bóyá libpcap wà nínú rẹ̀.

Ìdàrúdàpọ̀ kan wà tí ó ń dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Láíbúrárì lè wà lórí kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ kí CMake sọ pé òun kò rí i. Ohun tí ó fà á ni pé Debian àti àwọn ọmọ rẹ̀ pín láíbúrárì sí méjì: apá kan wà fún ètò tí ó ti parí, apá kejì, tí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú <code>-dev</code>, sì wà fún ẹni tí ó ń kọ́ ètò lọ́wọ́. Apá kejì yìí ni CMake ń wá. Àwọn olùkọ Wireshark ti fi ìwé àṣẹ kékeré kan, <code>tools/debian-setup.sh</code>, sínú orísun láti kó gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Fedora àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni <code>tools/rpm-setup.sh</code>.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Wọ́n máa ń gba fáìlì orísun àti fáìlì ìfọwọ́sí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SIGNATURES láti ojúlé Wireshark, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnì kan ti fi ọwọ́ kan orísun lójú ọ̀nà. Fún ẹ̀dà 4.4.0, àwọn àṣẹ náà lọ báyìí:

<code>tar xf wireshark-4.4.0.tar.xz
cd wireshark-4.4.0
sudo tools/debian-setup.sh --install-optional
mkdir build
cd build
cmake -G Ninja ..
ninja
sudo ninja install
sudo ldconfig</code>

Fódà <code>build</code> wà kí ohun tí kọ̀ńpáílà ń ṣe má baà dà pọ̀ mọ́ orísun. Ẹni tí ó fẹ́ TShark láìsí ojú àwòrán yóò fi <code>-DBUILD_wireshark=OFF</code> kún àṣẹ <code>cmake</code>. Àṣẹ <code>ninja</code> ni ó ń gba àkókò jù, nítorí kóòdù náà ju mílíọ̀nù kan ìlà lọ. Nígbà tí ó bá parí, ètò náà ti ṣeé dán wò láti inú fódà <code>run</code> kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀ rárá.

Bí wọ́n bá gbàgbé <code>ldconfig</code>, Wireshark lè kọ̀ láti ṣí, kí ó sì sọ pé òun kò rí <code>libwireshark.so</code>. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ó kàn jẹ́ pé wọn kò tíì sọ fún ètò ẹ̀rọ pé láíbúrárì tuntun ti wọ <code>/usr/local/lib</code>.

Àṣẹ láti gba ìdì

Lórí Linux, òǹlò lásán kò ní àṣẹ láti gba ìdì lórí káàdì nẹ́tíwọ̀kì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣí Wireshark tuntun rẹ̀ lè rí i pé kò lè gba ohunkóhun. Ojútùú tí ó yá lọ́wọ́ ni láti ṣí i pẹ̀lú <code>sudo</code>, òun náà ni ó sì burú jù. Wireshark ní kóòdù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlànà ìbánisọ̀rọ̀, ìdì tí kóòdù yìí sì ń tú lè wá láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni lórí nẹ́tíwọ̀kì. Àṣìṣe kan nínú ọ̀kan nínú wọn ti tó kí ìdì tí ọ̀tá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fi gba ìdarí ètò náà. Bí ètò náà bá ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí root, gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó bọ́ sí ọ̀tá lọ́wọ́. Wireshark fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i báyìí.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ya iṣẹ́ gbígbà sọ́tọ̀ sínú ètò kékeré kan tí ń jẹ́ dumpcap. Dumpcap ń gba ìdì, ó ń kọ ọ́ sí fáìlì, kò sì tú ohunkóhun. Òun nìkan ni ó nílò àṣẹ. Ẹ̀yà Debian ń ṣètò èyí fún òǹlò rẹ̀ bí ó bá ti béèrè fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ Wireshark láti orísun ni yóò ṣe é fúnra rẹ̀:

<code>sudo groupadd -r wireshark
sudo usermod -aG wireshark $USER
sudo chgrp wireshark /usr/local/bin/dumpcap
sudo chmod 750 /usr/local/bin/dumpcap
sudo setcap cap_net_raw,cap_net_admin=eip /usr/local/bin/dumpcap</code>

Ètò tí àwọn àṣẹ wọ̀nyí tẹ̀ lé ara wọn ṣe pàtàkì. Bí <code>setcap</code> bá ṣáájú <code>chgrp</code>, yíyí ẹgbẹ́ tí ó ni fáìlì padà yóò pa agbára tí <code>setcap</code> fún un rẹ́, kò sì ní sí ìkìlọ̀ kankan. Òǹlò gbọ́dọ̀ jáde kúrò lórí kọ̀ǹpútà kí ó sì tún wọlé kí ẹgbẹ́ tuntun tó mú un. Lẹ́yìn náà, <code>dumpcap -D</code> yóò to orúkọ àwọn káàdì tí ó lè gbà lé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ náà lè rí ohun tí gbogbo òǹlò kọ̀ǹpútà náà ń fi ránṣẹ́ láìdì í ní àdììtú, nítorí náà kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n fi gbogbo ènìyàn sí lórí ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ń lò.

Ìtọ́jú

Nígbàkigbà tí wọ́n bá tún Wireshark kọ́ tí wọ́n sì tún gbé e kalẹ̀, dumpcap tuntun yóò rọ́pò ti àtijọ́, agbára àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. <Code>chgrp</code>, <code>chmod</code> àti <code>setcap</code> gbọ́dọ̀ tún wáyé. Bí ẹ̀yà tí Linux pèsè bá ṣì wà ní <code>/usr/bin</code>, ètò méjì ni yóò wà lórí kọ̀ǹpútà kan, àṣẹ <code>which wireshark</code> sì máa ń sọ èyí tí ń ṣí. Nínú fódà <code>build</code> ni CMake ń kọ <code>install_manifest.txt</code> sí, àkọsílẹ̀ gbogbo fáìlì tí ó gbé kalẹ̀. Ẹni tí ó bá pa fódà náà rẹ́ láti fi àyè sílẹ̀ lórí díìsìkì yóò máa wá àwọn fáìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ yọ Wireshark kúrò.