Bí ọmọ yín ní Amẹ́ríkà bá ní òun fẹ́ fi kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá, nígbà tí ìdánwò ìparí sáà kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ yìí ni ọmọ wọn máa ń pè láti Amẹ́ríkà pé òun fẹ́ jáwọ́ nínú kọ́ọ̀sì kan. Bàbá á ní, "Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe ta ilẹ̀ ẹ̀bá odò?" Ọmọ á dáhùn pé, "Ẹ má bínú, bàbá mi. N kò ní fi ilé-ìwé sílẹ̀ o, kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni." Ṣùgbọ́n ìyá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ á ti bú sẹ́kún, ó ti rò pé wọ́n lé ọmọ òun ni.

Wọn kò lé e. Ohun tí ọmọ náà ń sọ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní yunifásítì tiwa níbí. Níbí, akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti fi kọ́ọ̀sì kún un tàbí láti yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹni tí kò bá yege yóò gbé kọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní "carry over". Ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀kùn kejì wà. Sáà wọn máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá yọ kọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí èkejì, orúkọ kọ́ọ̀sì náà yóò pòórá nínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, títí di bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá sí ìkejìlá, bí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan bá ti là á sílẹ̀, ó ṣì lè jáde, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ lẹ́tà "W" síwájú kọ́ọ̀sì náà.

W kì í ṣe pé ó fìdí rẹmi. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọmọ bá ń ṣe kọ́ọ̀sì márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ yúnìtì mẹ́ta, tó gba B nínú mẹ́rin, tó sì gba F nínú ìkarùn-ún, GPA rẹ̀ fún sáà náà yóò jẹ́ 2.4. Bó bá jẹ́ W ló gbà dípò F, 3.0 ni yóò ní. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá tó 3.0 yóò pàdánù rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tó ń sọ pé òun fẹ́ gba W lè jẹ́ ẹni tó ń fi ọgbọ́n gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Owó ni ẹ̀fọ́rí àkọ́kọ́. Lọ́pọ̀ ilé-ìwé, iye tí wọ́n ń dá padà ń dín kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí yóò bá sì fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó ti tán. Ẹni tó bá jáde lẹ́yìn náà kò ní rí kọ́bọ̀ gbà, bó bá sì tún kọ́ọ̀sì náà ṣe, yóò tún san owó tuntun ni. Ẹ jẹ́ ká fi 1,500 dọ́là ṣe àpẹẹrẹ. Kí ìjọba àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là ṣì wà ní nǹkan bíi N460 ní báńkì, N690,000 nìyẹn. Nígbà tí dọ́là wọ N1,500 lọ́dún 2024, ó di N2,250,000. Ẹ ò rí i pé ẹkún ìyá yẹn nídìí.

Èyí tó tún le ju owó lọ ni ọ̀rọ̀ físà. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi físà F-1 wọlé láti gba dìgírì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣe ó kéré tán yúnìtì méjìlá ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó yọ mẹ́ta kò rú òfin. Ẹni tó ń ṣe méjìlá tó yọ mẹ́ta ti bọ́ sí mẹ́sàn-án, wàhálà sì dé, àfi bó bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń rí sí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè KÍ Ó TÓ yọ ọ́. Bó bá yọ ọ́ tán kó tó wá lọ bẹ̀bẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́, nítorí dandan ni kí ilé-ìwé fi tó ìjọba létí.

Àwọn ìdí tí wọ́n ń gbà kò pọ̀. Àìsàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé dókítà, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju oṣù méjìlá lọ fún dìgírì kan. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí ọ̀nà ìkọ́ni wọn bá ṣòro fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n lè gbà fún un lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Ẹni tó wà ní sáà àṣekágbá lè ṣe kìkì ohun tó ṣẹ́kù fún un. Àìlówó lọ́wọ́ bàbá kò sí lára wọn. Ẹni tó bá sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ pátápátá pẹ̀lú àṣẹ ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti kúrò nílùú. Ẹni tí kò gbàṣẹ kò ní ọjọ́ kankan.

Kì í ṣe àsìkò tí ènìyàn ń fi físà ṣeré nìyí. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà fún ọmọ Nàìjíríà di ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ààrẹ Donald Trump tún fọwọ́ sí àṣẹ tó fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá físà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọn dúró, láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Ọmọ tó bá ṣèèṣì bọ́ síta lè má tètè rí ọ̀nà wọlé mọ́.

Ti ọmọ tó ní gírín káàdì tàbí tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Bó bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tó sì fi gbogbo kọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí sáà tó dé ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, apá kan owó náà gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ìjọba.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Láti ọdún 1974 ni òfin kan tí wọ́n ń pè ní FERPA ti wà ní Amẹ́ríkà. Bí ọmọ bá ti wọ yunifásítì, òun ló ni èsì rẹ̀, ilé-ìwé kì í sábà sọ ọ́ fún òbí láìjẹ́ pé ọmọ fọwọ́ sí i. Ìpè orí fóònù yẹn nìkan ni ìròyìn tí ẹ máa gbọ́. Ní tèmi o, ọmọ tó pè ṣeun. Èyí tí wọ́n ti fi igbe lé sá ni yóò dákẹ́, tí kò ní lọ sí kíláàsì mọ́, tí yóò wá gba F níbi tí ì bá ti gba W.

Ẹ bi í léèrè pé yúnìtì mélòó ni yóò ṣẹ́kù fún un. Ṣé ó ti rí olùkọ́ náà? Ṣé kọ́ọ̀sì míì wà tí kò ní lè ṣe láìṣe èyí? Bó bá jẹ́ àìsàn ló dé lẹ́yìn tó ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, olùkọ́ lè gbà kó parí rẹ̀ lẹ́yìn sáà, kí wọ́n kọ "I" fún un ná. Kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò tì, àti aago tí yóò tì. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní New York jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́ níbí lóṣù Kẹwàá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, ó di aago mọ́kànlá.