Ẹ̀rọ Ìkìlọ̀ Èéfín: Bí A Ṣe Ń Fi Í Sílé àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀



Ó wà nínú hadíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé iná jó ilé kan ní Mẹ̀dínà lóru mọ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó sọ fún àwọn èèyàn pé ọ̀tá wọn ni iná, kí wọ́n máa pa á kí wọ́n tó sùn.

Ìmọ̀ràn yìí kan àwa náà ní Adó-Èkìtì, Ìyìn àti Ìgèdè. Lónìí, iná tí à ń sùn tì kì í ṣe ti àtùpà nìkan. Oògùn ẹ̀fọn tí a tanná ràn ń jó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fóònù ń gba iná lórí ìrọ̀rí, a sì ti gbàgbé láti yọ áyọ́ọ̀nù nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Bí iná bá dé ní agogo méjì òru, kò sí ẹni tó máa pariwo "Up NEPA!" Gbogbo ilé ti sùn.

Èéfín ló máa ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn nínú iná ilé, kí ọwọ́ iná tó kàn wọ́n. Òórùn rẹ̀ kì í sábà jí ẹni tó ti sùn wọra, májèlé inú rẹ̀ sì tún máa ń mú oorun wúwo sí i. Ṣùgbọ́n etí ṣì ń gbọ́ ariwo. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ èéfín fi wúlò. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní photoelectric, ìtànṣán kékeré kan wà. Bí èéfín bá wọlé, ó máa tú ìtànṣán náà ká, ẹ̀rọ náà á sì figbe ta.

Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, nínú àwẹ̀ Ramadan, iná bẹ̀rẹ̀ lára fìríìjì kan ní àjà kẹrin Grenfell Tower, ilé alájà 24 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ èéfín ló jí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ó jí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, ó pe panápaná, ó sì kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò rẹ̀. Gbogbo wọn nínú ilé tirẹ̀ ló yè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ kan tó lè jí gbogbo ilé gogoro náà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn Mùsùlùmí tí wọn kò tíì sùn nítorí sààrì wà lára àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn káàkiri. Èèyàn 72 ló kú.

Nítorí náà, ibi tí a ń sùn ni kí ẹ̀rọ yìí wà: yàrá kọ̀ọ̀kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnu yàrá, àti àjà kọ̀ọ̀kan bó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí owó kò bá ju ti ẹyọ kan lọ, kí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ilé ojúkojú, kí àwọn ayálégbé dáwó jọ rà á. Ẹ wo páálí rẹ̀ bóyá wọ́n kọ EN 14604 tàbí UL 217 sí i, kí ẹ sì ra oníbátìrì, torí iná wa kò dúró.

Sílíìnì ni kí ẹ kàn án mọ́, nítorí òkè ni èéfín ń gbà. Kí ó jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 30, sí fáànù ní mítà kan, àti sí ìdí sítóòfù ní mítà mẹ́ta. Ẹ má gbé e sítòsí ibi tí ẹ ti ń sun tùràrí. Bó bá ń ké lásán, ẹ ṣí i kúrò níbẹ̀. Ẹ má yọ bátìrì rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Bí oṣù tuntun bá ti lé, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí ó fi máa ké. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu eruku rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lọ́dọọdún kí àwẹ̀ tó wọlé. Bó bá ń dún "píì" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì ti ń kú lọ nìyẹn. Ẹ má fi ọ̀dà kùn ún. Bó bá ti pé ọdún 10 tí wọ́n ti ṣe é, ẹ ra òmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ rántí pé irú ẹ̀rọ yìí kì í mọ èéfín jẹnẹrétọ̀ tí a kò lè fojú rí. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, kì í ṣe sí bàkónì.

Ariwo nìkan kò sì tó. Irin wà lójú fèrèsé wa, àgádágodo wà lẹ́nu géètì. Kí gbogbo ilé mọ ibi kan tí kọ́kọ́rọ́ ń wà lóru. Kí ẹ yan àgbàlagbà tó máa jí àwọn ọmọ, torí ariwo yìí kì í jí ọ̀pọ̀ ọmọdé. Bí èéfín bá ti kún, ẹ rákò jáde, kí ẹ tó pe 112.

Ẹnì kan bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni tàbí kí òun gbára lé Ọlọ́hun. Ó ní kó kọ́kọ́ so ó, lẹ́yìn náà kó gbára lé Ọlọ́hun. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ilé wa. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa àti àwọn ọmọ wa. Àmín.