Ilẹ̀ Ti Ṣú, Níbo Ni Àwọn Adìẹ Yín Wà?

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Mushin, Surulere àti Yaba ni ó ń sin adìẹ díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí owó ẹyin àti owó ẹran ti gòkè. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi àti ìyàwó mi rí, kí ẹlòmíràn má baà pàdánù bíi tiwa.

Ogún òròmọdìẹ ni a rà. A pinnu pé a ó tà wọ́n ní àsìkò Kérésìmesì, kí a fi san owó ilé-ìwé ọmọ wa obìnrin. Nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìyẹ́ ti bo ara wọn, mo kan ilé tuntun fún wọn, mo sì tú wọn sí àgbàlá láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Mo rò pé bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn yóò wọlé fúnra wọn. Ó tì o! Àwọn kan gun igi máńgòrò aládùúgbò, àwọn kan bà sórí ògiri, àwọn yòókù kó ara wọn jọ sábẹ́ ọkọ̀. Òjò rọ̀ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́rìnlá péré ni a rí kà. Ìyẹ́ nìkan ni a bá lẹ́bàá gọ́tà.

Kí ló fà á?

Baba ńlá adìẹ ni adìẹ igbó tí ó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Orí igi ni ìyẹn ń sùn, kí ẹranko má baà pa á jẹ. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ibi gíga ni ọkàn adìẹ ń fà sí. Àgbébọ̀ ni ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà ilé: ó ń pè wọ́n, wọ́n ń tẹ̀ lé e, ó sì ń kó wọn sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka Mátíù orí 23 mọ àpèjúwe yìí. Ṣùgbọ́n Noiler tí ilé-iṣẹ́ Amo mú jáde, tàbí FUNAAB Alpha ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹ̀rọ ni ó ń pa wọ́n, inú páálí ni wọ́n sì ń bá dé ọ̀dọ̀ wa. Wọn kò ní ìyá tí yóò pè wọ́n wálé. Ẹ̀yin tí ẹ rà wọ́n ni ìyá wọn.

Bí a ṣe ń kọ́ wọn

Èkíní, ẹ tì wọ́n mọ́ inú ilé tuntun náà fún ọjọ́ méje gbáko. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti jẹ, kí wọ́n ti mu, kí wọ́n sì sùn. Ẹ fi wáyà ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì kí atẹ́gùn lè wọlé, nítorí ooru Èkó kò kéré.

Èkejì, ẹ ṣe igi tí wọn yóò máa bà lé. Àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Igi tí ó dúró gbọin ni kí ẹ lò, kí ó má ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ fún àwọn kéékèèké, kí adìẹ kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tó sẹ̀ǹtímítà 20.

Ẹ̀kẹta, ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ má tú wọn sílẹ̀ láàárọ̀. Ẹ dúró títí yóò fi ku wákàtí kan kí oòrùn wọ̀, tí ebi ti ń pa wọ́n díẹ̀. Ní Èkó, láàárín agogo 6:25 sí 7:10 ni oòrùn ń wọ̀ yípo ọdún, nítorí náà àsìkò yín kò ní yí púpọ̀. Ẹ mi agolo àgbàdo, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì da àgbàdo náà sínú ilé, kì í ṣe síta. Lójoojúmọ́, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ kún àkókò tí wọ́n ń lò níta.

Ẹ̀kẹrin, adìẹ kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì kọ́ sínú ilé wọn nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì pa á nígbà tí gbogbo wọn bá ti wọlé. Ẹ má gbé àtùpà síbẹ̀, kí iná má baà ràn mọ́ iyẹ̀ pákó. Èyí tí ó bá kọ̀, ẹ má lé e kiri. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́; ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ sórí igi rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó sú yín láti ṣe é lálaalẹ́.

Bí gbogbo wọn bá kọ̀ láti wọlé, ẹ yẹ ilé náà wò. Ó lè jẹ́ eku, tàbí kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn, tàbí òórùn ìgbẹ́ tí a kò kó.

Ẹ kíyè sára

Nítorí olè, àwọn kan ń kó adìẹ sùn sí kíṣìnnì tàbí yàrá àwọn ọmọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2006 ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn fúlúù adìẹ ti wọ Nàìjíríà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, ó pa obìnrin ọmọ ọdún 22 kan ní Èkó yìí. Ẹ jẹ́ kí adìẹ ní ilé tirẹ̀, kí ẹ sì fi àgádágodo tì í.

Àwọn mẹ́rìnlá tí ó kù fún wa, a tún ẹ̀kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ wa kàn ń mi agolo ni, wọn a sì tò wọlé. Òun ni ó ń kà wọ́n lálaalẹ́: “Dádì, mẹ́rìnlá pé.” Nígbà Kérésìmesì a tà wọ́n. Owó náà kò tó, a ní láti fi díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n ọmọ náà wọlé ìwé rẹ̀ ní oṣù Kìíní pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.