Eruku Tí Bàbá Gbé Wálé

Ẹ̀yin ará oko wa, ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ọmọ 28 kú ní abúlé Shikira, ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi, nínú ìpínlẹ̀ Niger wa níhìn-ín. Kò sí èyí tí ó pé ọdún márùn-ún nínú wọn. Wúrà ni àwọn àgbà ń wà. Òkúta tí wọ́n ń fọ́ ní òjé nínú, eruku rẹ̀ sì ń bá aṣọ àti ẹsẹ̀ wọlé. Ọmọ tí ń rá kò mọ̀. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ẹnu. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, níbi tí ọmọ tí ó kú ti lé ní 400. Òjé a máa mú gìrì wá, nítorí náà àwọn òbí kan rò pé ibà ni. Bí ọmọdé àti àgbàlagbà bá gbé iye òjé kan náà mì, èyí tí yóò wọ ara ọmọdé tó ìlọ́po 4 tàbí 5 ti àgbàlagbà.

Ẹ lè sọ pé, “Àgbẹ̀ ni wá, a kì í wa wúrà.” Òótọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ àwọn tí ń yọ́ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n oògùn koríko àti oògùn kòkòrò náà a máa bá aṣọ wálé. Láìpẹ́ yìí mo bá ọmọkùnrin kan lóko, kò ju ọdún mọ́kànlá lọ, ó ń fi ẹnu fẹ́ ojú ẹ̀rọ ìfín tí ó dí. Mo ní ta ni ó kọ́ ọ. Ó ní, “Bàbá mi ni, sà.” Mo lọ bá bàbá. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní bí bàbá òun náà ti ń ṣe é nídìí kòkó nìyẹn, nígbà Gammalin. Ìran mẹ́ta! Kò sì sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan àti omi ni kí ẹ fi ṣí i. Kí bàbá bọ́ aṣọ oògùn síta, kí ó wẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, ẹ da omi rẹ̀ jìnnà sí kànga. Ike oògùn tí ó tán, ẹ dá a lu, nítorí ike tí ó dára kì í pẹ́ di ti epo tàbí ti omi mímu. Paraquat, tí àjọ NAFDAC fi òfin dè láti oṣù kìíní ọdún 2024, ṣì lè wà nínú àká àwọn kan. Kò sí ẹ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá gbé e mì. Ẹ má fín in, ẹ má dà á sódò. Ẹ fi tó ọ́fíìsì wa létí.

Àwọn àgbà a máa bi mí pé ṣé àwọn tí kò wọ ìbọ̀wọ́ láyé àtijọ́ kò gbó ni. Èsì mi ni pé ọkọ́ àti àdá ni wọ́n fi roko. Ọkọ́ kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ wálé. Ọmọ tí ń lọ sílé ìwé, ẹ jẹ́ kí ó ka ara ike fún yín kí ẹ tó po oògùn. Bí ó bá sì ní, “Bàbá, ẹ kò tíì wẹ̀,” ẹ má pè é ní àrífín.